Ewé Eepín Lára Ọkọ̀ Dúdú

"Bí aṣọ yẹn bá bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, má tún fi kan ọkọ̀ náà mọ́ o," ni Sàlámì ń sọ láti orí ẹní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Iyanrìn ló kún ilẹ̀ ilé wa yìí. Tó o bá fi aṣọ oníyanrìn nu ọ̀dà, o ti ha á nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, Bùọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Sọ ọ́ fún mi kí èmi náà gbọ́."

Kúbúrá gbé garawa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kà á bí ọmọ ilé-kéwú tí ń ka wàláà. Kí òun kọ́kọ́ da omi tó pọ̀ sí ara ọkọ̀ kí eruku ṣàn dànù, kí òun tó fi aṣọ kàn án rárá. Kí òun má fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, nítorí pé ọṣẹ dúdú a máa bá ọ̀dà jà. Kí ó jẹ́ abẹ́ òjìji ni òun yóò ti ṣe é, nígbà tí ara ọkọ̀ bá tutù. Kí òun fi aṣọ rírọ̀ mú pólíìṣì díẹ̀ nínú agolo, kí òun fi kun apá kan ṣoṣo, kí òun jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi funfun bí ẹfun, kí òun wá fi aṣọ mìíràn nu ún kúrò. Ìgbà náà ni kí òun tó bọ́ sí apá kejì.

"Oje igi tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Kí n fi aṣọ tútù bò ó, kí n fi í sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Kí n má fi èékánná họ ọ́."

"Ó lè pẹ́ o. Má kánjú sí i." Sàlámì fa búláńkẹ́ẹ̀tì dé ọrùn, ó sì dijú.

Ibà ni ó dá a dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ti ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa, àgbo tí ìyá wọn sè fún un kò sì tíì ràn án. Bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ilé gbójú lé. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ọkọ̀ Mọ́rísì dúdú tí Sàlámì fi ń gbé èrò láti Ọjà'ba lọ sí Dùgbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Owó rẹ̀ náà ni Kúbúrá fi ń lọ sí ilé-ìwé Mọ́dà tó tẹ̀lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi lásìkò yìí, bí wọ́n bá sì wọlé padà, ìdánwò àṣejáde ló kàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Sàlámì. Àlàájì Àkíbù, oníṣòwò aṣọ ní Òjé, ni ó ni ín.

Àlàájì yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò sí Jímọ́ọ̀ tí kì í wá wo ọkọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà ló kù. Kì í yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kì í béèrè táyà. Ara ọkọ̀ ni tirẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ta aṣọ, ọwọ́ ló fi ń mọ aṣọ ẹtù tó dára yàtọ̀ sí ayédèrú, ọwọ́ yẹn náà ló sì fi ń wo ọ̀dà ọkọ̀. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ fa bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yọ ṣùtì. Ó ní ọkọ̀ ti ń ṣá. Ó ní bí òun bá tún bá a bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò gba kọ́kọ́rọ́ òun, òun yóò sì fún Ezekiel. Gbogbo Bẹ́yẹrúnkà ló mọ̀ pé Ezekiel, dírẹ́bà kan ní Oníyanrìn, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó dé ìsọ̀ Àlàájì láti dọ̀bálẹ̀ nítorí ọkọ̀ yìí.

Jímọ́ọ̀ náà ló dé yìí, ibà kò sì lọ. Láàárọ̀, Sàlámì gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ kò gbé e. Nígbà náà ni Kúbúrá ní òun ni yóò fi pólíìṣì kun ọkọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò fi pólíìṣì kun ọkọ̀ rí. Ìyá wọn, Àtọ́kẹ́, wò ó, ó tún wo ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ní kí Ọlọ́run fi àṣeyọrí sí i, ó sì gbé ẹrù igbá rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, nítorí pé ẹni tó ń ta igbá kò lè jókòó sílé ní ọjọ́ ọjà.

Igbá ni iṣẹ́ agbo ilé wọn, Afíngbá. Àwọn àgbà ibẹ̀ ló ń fín in, àwọn obìnrin ló ń tà á, àwọn ọmọdé ló sì ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fín in. Kúbúrá ti mọ iṣẹ́ yìí kí ó tó mọ bí a ṣe ń pọnmi. Bàbá wọn àgbà a máa sọ pé nínú gbogbo ọmọ ilé, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń mú igbá dán tó ti Kúbúrá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn, ó sì ti gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó da omi títí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ fi mọ́. Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ Sàlámì nu omi kúrò, ó ṣí agolo pólíìṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ní apá ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó kùn ún, ó dúró, ó nu ún. Nígbà tí ó rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀dà náà, pẹ̀lú eyín rẹ̀ àti ìborí rẹ̀ tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ilẹ̀kùn kan, ó bọ́ sí èkejì, ó kun orí ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíràn. Bí Sàlámì bá wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ìbá dùn.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ́ kù. Láti ìgbà tí ibà ti dé títí wọ́n fi tì í wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàárọ̀ yìí ni ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé, igi náà sì ti tu oje sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí ó fi gan mọ́ ọn ní àmì ńlá ńlá. Kúbúrá rẹ aṣọ sínú omi, ó fi bo àwọn àmì náà, ó sì jókòó sórí àpótí. Ìjókòó yẹn ni kò rọrùn fún un. Oòrùn ń gòkè. Òjìji ògiri tó ti bo ọkọ̀ láti òwúrọ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ó ṣí aṣọ wò, oje ṣì le. Ó tún un rẹ, ó tún bò ó.

Ibẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ bá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ilé wọn wà ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n sì jọ wà ní kíláàsì kan náà. Morẹ́nikẹ́ kì í wá lọ́wọ́ òfo, bí kò bá mú ẹ̀pà wá, ìròyìn ni yóò mú wá.

"O ti gbọ́ nípa Oríta-mẹ́rin? Ọkọ̀ dúdú kan ló kọlu oníkẹ̀kẹ́ kan níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ bàbá yẹn kán, dírẹ́bà sì sá lọ. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá ń wá ọkọ̀ náà kiri."

"Kí Ọlọ́run bá wọn rí i," ni Kúbúrá wí. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó tún ṣí aṣọ wò.

"Ìwọ ò ní ṣe tán kí Àlàájì tó dé o. Wọn ò ní pẹ́ pe ìrun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, níbi tí agbọ̀n ewé eepín àwọn tó ń ṣe igbá wà. Gbogbo ọmọ Afíngbá ló mọ ewé yìí. Ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, òun sì ni wọ́n fi ń mú ara igbá jọ̀lọ̀. Igbá tí ó ti gbó, tí èèfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ewé yìí a sọ ọ́ di tuntun. Kúbúrá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láìmọye ìgbà. Kí ló wá dé tí àmì oje igi lásán yóò fi bá a fa á?

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ igbá àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Igbá, ara rẹ̀ gan-an ló ń dán, bó o bá sì ha á títí, igbá náà ni wàá máa bá. Ọkọ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn lé e lórí ló ń dán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Sàlámì ti sọ gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi kan ọkọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ewé eepín, nítorí pé kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè ronú kàn án.

Kúbúrá rẹ ewé sínú omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí ti igbá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ oje náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́. Oje ṣí kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró. Ó bọ́ sí àmì kejì, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, ewé ń dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jù ú nù sí àkìtàn ẹ̀yìn ògiri, ó ń mú òmíràn. Ó rò pé ìdọ̀tí ni dúdú ara ewé náà.

Nígbà tí ó da omi sí i, ó dán. Nígbà tí omi gbẹ, ó rí ohun tí ó ti ṣe.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ṣókùnkùn bí ojú afọ́jú. Ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po kún orí rẹ̀ níbi gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ní àárín, ọ̀dà dúdú sì ti tán pátápátá, ọ̀dà pupa abẹ́ rẹ̀ ń yọjú. Ó sáré mú pólíìṣì ọkọ̀, ó kùn ún, kò dúró kó gbẹ dáadáa kó tó nu ún. Ó wá burú sí i. Pólíìṣì funfun wọnú gbogbo ìlà wọ̀nyí, èyí tí kò hàn tẹ́lẹ̀ hàn kedere.

"Kúbúrá," ni Morẹ́nikẹ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "kí lo ṣe yìí?"

Yàrá Sàlámì kò jìnnà, fèrèsé rẹ̀ ló kọjú sí wọn yìí, tí Kúbúrá bá pè é, yóò gbọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó tàn án jẹ lórí èyí.

"Dúdú ni ọkọ̀ yìí," ni Morẹ́nikẹ́ tún wí. "Pólíìṣì bàtà bàbá mi wà nílé, dúdú lòun náà. Jẹ́ kí n mú un wá. Tí Àlàájì bá ti wò ó tán lónìí, ìwọ àti Bùọ̀dá Sàlámì á wá nǹkan ṣe sí i tó bá yá."

Kúbúrá wo fèrèsé náà. Ó ronú bí yóò ṣe wọlé lọ sọ fún aláìsàn pé òun ti ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ronú Ezekiel. "Lọ mú un wá," ni ó wí.

Pólíìṣì bàtà ṣiṣẹ́. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó di gbogbo ìlà, ó bo ọ̀dà pupa mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì nu ún, bọ́nẹ́ẹ̀tì dán ju gbogbo ara ọkọ̀ yòókù lọ. Morẹ́nikẹ́ pàtẹ́wọ́, ó gba agolo rẹ̀, ó sì lọ sílé kíákíá kí bàbá rẹ̀ tó wá a.

Kúbúrá fọ ọwọ́, ó wọlé tọ Sàlámì lọ. "Ó ti parí, Bùọ̀dá."

Sàlámì la ojú. "Oje yẹn ńkọ́? Ó ṣí?"

"Ó ṣí."

"Alihamudulilai." Ó na ọwọ́, ó gbé e lé e lórí. Ọwọ́ náà gbóná janjan. "Ọlọ́run á gbé ẹ dé ibi gíga. Ká ní kì í ṣe ìwọ ni, ọkọ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Ìdánwò ẹ, wàá yege. Ojú ò ní tì ẹ́ láyé."

Kúbúrá ń ṣe àmín. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ là, ṣùgbọ́n àdúrà náà gùn, nígbà tí ó fi parí, ìgboyà tó ti fẹ́ wá ti lọ. Ó jáde síta, ó sì lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Oòrùn ti gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n pe ìrun, wọ́n kí i, ojú ọ̀nà kún fún àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun tó ń darí bọ̀ láti Ọjà'ba. Kúbúrá ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, Àlàájì Àkíbù yọ, agbádá funfun rẹ̀ ń fẹ́, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kúbúrá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àlàájì."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ara ẹ̀gbọ́n ẹ ò tíì yá?"

"Kò tíì yá, sà."

Àlàájì yí ọkọ̀ po láti ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan ibi ẹrù, ó mi orí. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó tún mi orí, ojú rẹ̀ sì ń tú ká. "Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Ó dáa. Ó dáa gan-an." Ó dé iwájú, ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mànà, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ náà lé àyà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní dírẹ́bà tó mọ iyì nǹkan.

Kúbúrá rí i kí Àlàájì tó rí i. Ìka márààrún ti yọ dúdú sí àyà agbádá funfun náà.

Àlàájì wo àyà rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí imú. Ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó sì fi nu bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gidigidi. Oòrùn ti rọ pólíìṣì bàtà náà, wọ̀ọ̀ ló ń ṣí. Àwọn ìlà yọ jáde, ọ̀dà pupa yọ jáde lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù ba Kúbúrá jù. "Pe ẹ̀gbọ́n ẹ fún mi."

Sàlámì ti gbọ́. Ó jáde pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń di ògiri mú. Àwọn tó ń ti ìrun bọ̀ ti ń dúró wò.

"Sàlámì, ọjọ́ wo ni ibà ti ń ṣe ẹ́?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àlàájì."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ dúdú kọlu èèyàn ní Oríta-mẹ́rin, tí dírẹ́bà sá lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni ìwọ gbé ọkọ̀ mi pa mọ́ sílé, tí ò ń ṣàìsàn. Lónìí mo dé, ẹ ti fi pólíìṣì bàtà bo ibi tí iwájú ọkọ̀ ti bó." Ó tọ́ka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Kí ni kí n rò?"

Sàlámì wo ọkọ̀ náà. Ó yà á lẹ́nu. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo Kúbúrá. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ṣùgbọ́n Kúbúrá mọ̀ pé ó ti yé e. Sàlámì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí ò kọlu ẹnikẹ́ni, Àlàájì," ni gbogbo ohun tó sọ.

"Ta ló wá kùn ún?"

Sàlámì dákẹ́. Àwọn tó ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ti di ti kóòtù Mápó, kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀ kó lọ rojọ́. Àlàájì na ọwọ́ di Sàlámì lápá mú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbé e dúró dáadáa.

"Èmi ni, Àlàájì." Kúbúrá ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ewé eepín ni mo fi bọ́ oje igi kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó máa bó o. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá fi pólíìṣì bàtà bò ó. Bùọ̀dá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Àlàájì wò ó pẹ̀lú àánú, àánú náà sì burú ju ìbínú lọ. "Dìde, ọmọ mi. Wọ́n ti kọ́ ẹ ní ohun tí wàá sọ."

"Wọn ò kọ́ mi, sà."

"Nígbà tí mo béèrè ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ló dé tí o ò sọ ti ewé? Nígbà tí mò ń yìn ẹ́, ṣé o ò gbọ́? Ìgbà tí mo fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n ẹ lọ ni o wá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ta ni kò ní purọ́ nítorí ọmọ ìyá ẹ̀?"

Kúbúrá mọ̀ pé bí òun náà bá jẹ́ Àlàájì, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe rò ó. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá rántí àkìtàn. Ó fò sókè, ó sáré lọ sẹ́yìn ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì tú ilẹ̀, ó sì kó àwọn ewé náà wá síwájú Àlàájì. Wọ́n ti ń rọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú ṣì wà lójú wọn, ti pupa sì wà lójú méjì nínú wọn.

Àlàájì gba ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò kàn án gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí aṣọ, ó gbé e lé orí ìlà tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ju apá Sàlámì sílẹ̀.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," ni ó wí. "Ọkọ̀ yìí ò kọlu ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí àwọn tó ń wò. "Ẹ máa lọ sílé yín."

Kúbúrá rò pé ó ti tán.

"Ti ewé yìí ò dùn mí," ni Àlàájì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ tó fẹ́ ran ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́ ló ṣe é, kò mọ̀. Ká ní mo dé, tó o sọ fún mi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, ǹ bá pariwo díẹ̀, ǹ bá gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn tó ń kun ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n pólíìṣì bàtà kì í ṣe àìmọ̀. O mọ ohun tí ò ń ṣe. O jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí irọ́. Aṣọ ni mò ń tà. Ìsọ̀ tí wọ́n bá ti fi aró tuntun bo aṣọ gbígbó tà fún mi rí, mi kì í padà síbẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ ọlọ́jà ló tà á. Sàlámì, má bínú. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́," ni Kúbúrá ń wí, "èmi ni kẹ́ ẹ fìyà jẹ."

Sàlámì ti lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì dúpẹ́ fún àsìkò tí ó ti fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Oníyanrìn. Ezekiel dé, ó gba kọ́kọ́rọ́, kò sì lè wo ojú Sàlámì. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tí ilé dákẹ́, Kúbúrá wọlé lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ẹní. Sàlámì kò bínú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́.

"Nígbà tí mò ń ṣàdúrà fún ẹ," ni ó béèrè, "ṣé o ti kùn ún nígbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bùọ̀dá."

"Ẹ̀rù ta ni?" Ó dúró kó dáhùn. "Èmi tí mi ò lè dìde, kí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ́? Ǹ bá ránṣẹ́ pe Àlàájì kó tó kúrò ní ìsọ̀, ǹ bá sọ fún un." Ó yí ojú sí ògiri.

Kúbúrá sunkún títí ìyá wọn fi dé láti ọjà. Àtọ́kẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó wọlé, kò sì lù ú, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a wí. Ó ń sọ igbá kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ara Sàlámì yá, kò rí ọkọ̀ wà ní Ìbàdàn. Dírẹ́bà tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olówó a máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ, èyí tó ń kó obì lọ sí Kánò, bó bá ti lọ, ó di ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Kúbúrá ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó gba èsì, ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn wà lójú ọ̀nà Zaria.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló pàdé Ezekiel ní Ọjà'ba. Ọkọ̀ Mọ́rísì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò sí àpá kan lára rẹ̀. Kúbúrá kí i, ó sì bi í léèrè bóyá ó pẹ́ kí wọ́n tó kùn ún.

"Kò pẹ́ o," ni Ezekiel wí. "Láàárọ̀ ni mo gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé e bọ̀. Nǹkan kékeré ni."

Kúbúrá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èsì ìdánwò lọ́wọ́, títí ọkọ̀ fi gbé èrò rẹ̀, tó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀yin náà yóò ṣe àṣìṣe, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tí kò ba nǹkan jẹ́. Ẹ lọ sọ ọ́ ní kété tí ẹ bá ti ṣe é, nígbà tí ó ṣì kéré. Òtítọ́ tí Kúbúrá sọ lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí ìbá sọ ní òwúrọ̀. Ti òwúrọ̀ ìbá jẹ́ kí Sàlámì wà nílé.